Ẹ Bá Wa Sọ Ọ́ Jẹ́jẹ́

2.

...nítorí náà ni wọ́n ṣe gbé àga olùdarí kúrò níwájú wa. Lọ́jọ́un, ọ̀gá àgbà ní, kò sí olùdarí. Kò sẹ́ni tó ń ju ọwọ́ sókè sódò níwájú olórin. Wọ́n ń fetí sí ara wọn ni.

Ìyàwó mi wo ẹnu rẹ̀. Ó wo ẹnu mi.

Ó ní, "Kí ló wí?"

Mo nawọ́ sí ibi tí àga náà wà tẹ́lẹ̀.


3.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe yẹ.

Ilé-ìwé kan ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ sílé fún ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Àwa àgbàlagbà wá dípò wọn. À ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì wọn, ẹsẹ̀ wa ń yọ síta. Ọ̀sẹ̀ kan la fi ń kọ́ orin àtijọ́, orin tí àwọn tó kọ ọ́ ti jẹrà láti irinwó ọdún. Ohun èlò àtijọ́ la fi ń ṣe é. Fèrè onígi. Dùùrù olókùn tó jẹ́ pé gègé ìyẹ́ ẹyẹ ló ń ta á. Gòjé ńlá tí à ń fi orúnkún há. Èmi ni mo ni ìyẹn. Ìyàwó mi ló ni fèrè.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n á ṣílẹ̀kùn gbọ̀ngàn fún ará ìlú kí wọ́n wá gbọ́ àwọn olùkọ́. Ní Sátidé, àwa akẹ́kọ̀ọ́ ni ará ìlú ń bọ̀ wá gbọ́.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìntì. Lẹ́tà òjé. Ẹni tó bá ṣe é mọ̀ pé àyè òfìfo kì í ṣe òfìfo. Òjé la fi ń dí i.


4.

ÌKÉDE (lára ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, ọjọ́ Ajé)

*Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe pàtẹ́wọ́ láàárín orin kan àti èkejì. Lọ́jọ́un, wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀.*

ÌKÉDE (ilẹ̀kùn kan náà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun)

*Ìwádìí fi hàn pé lọ́jọ́un, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ nígbàkúùgbà tó bá wù wọ́n. Ẹ máa pàtẹ́wọ́ nígbàkúùgbà tó bá wù yín. Ẹ dúró kí a júwọ́ sí yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.*


5.

Ọ̀gá àgbà ibẹ̀, Ọjọ́un là ń pè é. Lẹ́yìn rẹ̀ ni.

Kò lè sọ gbólóhùn kan kó má fi "lọ́jọ́un" sí i. Bí wọ́n ṣe ń mí lọ́jọ́un. Bí wọ́n ṣe ń jókòó lọ́jọ́un. Ó ní lọ́jọ́un, ohùn wọn rẹlẹ̀ ju tiwa lọ, nítorí náà kí gbogbo àwa olókùn tú okùn wa wálẹ̀. A tú u.

Kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún. Èmi ti lé ní ọgọ́rin, n ò lè sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́jọ́un. Òun mọ̀ ọ́n.

Kí ẹ má bá a wí. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ ló máa ń rántí jù.


5, lẹ́ẹ̀kan sí i.

Etí ìyàwó mi ń kú.

Ohùn tín-ín-rín ló kọ́kọ́ lọ. Ẹyẹ. Agogo ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọmọ ọmọ wa. Lẹ́yìn náà ló kan ohùn àwọn obìnrin. Ohùn tèmi ló kù, ìyẹn náà bí mo bá gbé e sókè.

Dókítà elétí ní kí ọdún tó yípo, èyí tó kù á tán. Èmi ló kọjú sí tó ń sọ ọ́ fún, bí ẹni pé ìyàwó mi kò sí nínú yàrá. Ìyàwó mi wo ètè rẹ̀, ó kà á tán kí n tó gbọ́ ọ tán.

A délé. Ó bọ́ bàtà. Ó ní, "Màá fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan sí i lójú èèyàn. Lẹ́yìn náà, kó máa lọ."

Etí ló ń bá wí.

Ìdí tí a fi wá nìyẹn. Kò sí òmíràn.


6.

Ojú ewé yìí, mo fà á ya. Ìbínú pọ̀ nínú rẹ̀.


7.

Ẹ ti lè béèrè bí adití ṣe ń bá ẹgbẹ́ fọn fèrè. Ojú ló fi ń gbọ́. Ó ń wo ọwọ́ olùdarí. Bí ọwọ́ bá wálẹ̀, ó wọlé. Bí ọwọ́ bá di, ó dákẹ́. Láti ìgbà tí etí rẹ̀ ti ń lọ ló ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fura.

Àfi ìgbà tí wọ́n gba ọwọ́ náà.

Ọjọ́un ní, "Etí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ gbàgbé ojú. Etí nìkan."


8.

Lórí fóònù, èmi àti àkọ́bí wa obìnrin:

ỌMỌ: Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ṣé Màmá ń lo ẹ̀rọ etí wọn?
ÈMI: Rárá.
ỌMỌ: Kí ló dé, sà?
ÈMI: Ó ní ó ń mú fèrè ké bí ológbò.
ỌMỌ: Ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀.
ÈMI: Kò ní gbọ́.
ỌMỌ: Bàbá, ẹ̀fẹ̀ kọ́ ni mò ń ṣe.
ÈMI: Èmi náà kò ṣe ẹ̀fẹ̀.
ỌMỌ: A ń bọ̀ ní Sátidé. Èmi àti àwọn ọmọ. Ṣé wọ́n á lè ṣe é?
ÈMI: Ẹ tètè dé. Àga iwájú kì í pẹ́ tán.


9.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé àga mi tì í. Mo ti bàtà mi bọ abẹ́ bàtà rẹ̀. Bí mo bá gbé ọmọ ìka ẹsẹ̀, ó mọ̀. Ìlù wa nìyẹn.

Kì í ṣe pé ó pé. Nígbà mìíràn ẹsẹ̀ mi á pẹ́. Ẹsẹ̀ ẹni ọgọ́rin ọdún ni.

Oníṣègùn Eyín, obìnrin tó jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún ìyàwó mi tó ń fọn fèrè kejì, wo ìsàlẹ̀, ó rí wa. Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí ọmọdé tó ń jí ṣúgà lá. Ó ní, "Ẹ mà rẹwà o, ẹ̀yin méjèèjì."

N ò dá a lóhùn. Eyín mi kò dùn mí.


10.

Ètò ọjọ́rú fún ará ìlú: àsọyé lórí ìyẹ́ ẹyẹ.

Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì dìde. Èkíní ní ìyẹ́ kannakánná ni wọ́n fi ń ta okùn dùùrù lọ́jọ́un. Èkejì ní irọ́ ni, ìyẹ́ igún ni. Wọ́n fà á títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Èkíní ní apá òsì ẹyẹ náà ló dára. Èkejì ní apá ọ̀tún. Wọ́n pe ara wọn ní òpè pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Àwọn àgbà ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún. Wọn ò sọ pé a kì í fi í ta dùùrù.

Ọkùnrin kan láàárín ará ìlú nawọ́. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n ta dùùrù náà kí òun gbọ́ ọ. Wọ́n ní kò tíì délẹ̀, wọ́n ṣì ń tún un ṣe.


11.

Orin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn olùkọ́ wọ aṣọ tí wọ́n rán bí ti ọjọ́un, aṣọ onírun, nínú ooru yìí. Òógùn ń kán sórí gòjé.

Akọrin wọn fi èdè ilẹ̀ òkèèrè kan kọrin, ó sì pè é bí wọ́n ṣe ń pè é lọ́jọ́un. Ọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ onílé èdè náà jókòó nítòsí mi. Mo bi í ohun tí orin ń sọ. Ó ní òun ò gbọ́ ẹyọ kan.

Ní ìparí, ó lọ sọ fún akọrin náà. Wọ́n ṣàlàyé fún un pé òun ló ń sọ èdè rẹ̀ ṣì.


12.

Iṣẹ́ wa ní Sátidé: orin olóhùn mẹ́rin. Ohùn kìíní ń sáré. Èkejì ń lé e. Ẹ̀kẹrin, tí ó jẹ́ tèmi, ń rìn nísàlẹ̀. Ìkẹta kì í sáré, kì í rìn. Ó kàn dúró, ó ń fa ohùn gígùn kan tẹ̀lé òmíràn. Orin mìíràn ni, tó ti wà kí wọ́n tó kọ orin yìí. Okùn la ń pè é. Òun ni àwọn yòókù so mọ́. Bó bá já, olúkúlùkù á ṣì máa sáré, wọn ò sì ní mọ ibi tí wọ́n ń lọ.

Ìyàwó mi ni wọ́n fún ní okùn.

Kì í ṣe ọ̀wọ̀. Oníṣègùn Eyín ló là á yé wa, pẹ̀lú àánú: ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá lọ́ra ni wọ́n máa ń fún.

Wọ́n tún fi ìtìlẹ́yìn sí i. Ọmọbìnrin kan nínú àwọn olùkọ́, Onídùùrù, á máa fi dùùrù onífèrè kékeré tẹ okùn kan náà. Fèrè kéékèèké ló wà nínú dùùrù náà, fèrè onígi. Ohùn rẹ̀ àti ohùn fèrè ìyàwó mi, ìbejì ni. Ẹ̀yin tí etí yín dá ṣáṣá kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìyàwó mi kò mọ̀ pé dùùrù kankan wà níbẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí i.


13.

Ayàwòrán dé ní ọjọ́bọ̀. Ó wo gbogbo wa bí ẹni tó fẹ́ ra ẹran. Ó mú ìyàwó mi. Ó mú un jókòó létí fèrèsé, ó fi fèrè sí i lẹ́nu, ó yí àgbọ̀n rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ kí gbogbo ìlà ojú rẹ̀ lè yọ.

Ó rẹ́rìn-ín sí ayàwòrán.

Wọ́n ní kó má rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́un, wọn kì í rẹ́rìn-ín nínú àwòrán.


14.

(lára ògiri ẹnu ọ̀nà, àwòrán ìyàwó mi ló gba ìwé náà tán, láti òkè délẹ̀)

OHÙN ÀTIJỌ́ GAN-AN

*Ẹ wá gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ*

*Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ìwọlé ọ̀fẹ́.*

A dúró níwájú rẹ̀. Ìyàwó mi gbé ìgò ojú sókè, ó wò ó dáadáa.

Ó ní, "Ta ni arúgbó yìí?"

Mo ní n ò mọ̀ ọ́n.

Ó ní, "Ó ń fọn fèrè, ẹ sì wò ó bó ṣe ń wò. Ó dà bí ẹni tí wọ́n ní kó mu àgbo."


15.

Ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́un àti èmi, lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, lẹ́yìn ilé ìdáná.

ỌJỌ́UN: Bàbá, ẹ kú ìsinmi, sà.
ÈMI: Hẹn.
ỌJỌ́UN: Ẹ̀yin náà mọ̀ pé gbogbo wa la fẹ́ràn Màmá. Ó kàn jẹ́ pé wọ́n máa ń ṣíwájú wọlé. Nígbà mìíràn, wọ́n á tún pẹ́. Ohùn náà sì ń yọ sókè. Ẹ̀yin náà ń gbọ́ ọ, sà.
ÈMI: Mo ń gbọ́ ọ.
ỌJỌ́UN: Èrò á pọ̀ lọ́la.
ÈMI: Kí lo fẹ́?
ỌJỌ́UN: Kí wọ́n gbé fèrè sẹ́nu. Kí wọ́n máa gbé ìka. Kí wọ́n kàn má fọn ọ́n ni.
ÈMI: Kí ló wá jókòó ṣe?
ỌJỌ́UN: Ìrísí wọn, sà. Àwọn èèyàn ti rí wọn lára ìwé. Wọ́n á máa wò wọ́n. Bí wọn ò bá rí wọn, kò ní dára.
ÈMI: Lọ́jọ́un ńkọ́?
ỌJỌ́UN: Sà?
ÈMI: Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é lọ́jọ́un?

(Ó ṣí ẹ̀rọ omi. Ó fọ ọwọ́ tó mọ́.)

ỌJỌ́UN: Ẹ bá wa sọ ọ́ fún wọn, Bàbá. Jẹ́jẹ́.


16.

Fèrè àtijọ́, wọ́n fẹ́. Orin àtijọ́, wọ́n fẹ́. Gègé ìyẹ́ igún, wọ́n ń jà lé e lórí.


17.

Ọkùnrin náà rìn yí pápá ilé-ìwé po. Ó ti dàgbà, ó sì ń rìn bí ẹni tó ń wá nǹkan tó bọ́ sílẹ̀.

Bí kò bá sọ fún ìyàwó rẹ̀, ó máa fọn ọ́n. Ó máa ṣíwájú wọlé lójú ará ìlú. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ máa gbọ́ ọ. Òun nìkan ni kò ní gbọ́ ọ.

Bó bá sọ fún un, á ti fọn fèrè kẹ́yìn láìmọ̀ pé ìgbà ìkẹyìn ni. Lánàá ni. Nínú kíláàsì kan tí kò sẹ́ni tó ń gbọ́.

Òótọ́ ni Ọjọ́un sọ. Ọkùnrin náà kò dití. Ibi tó burú sí nìyẹn. Ìbá rọrùn ká ní òpùrọ́ ni.

Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ kì í ṣe ìkòkò tí à ń gbé kiri. Ohun tó jẹ́ tirẹ̀, ó yẹ kó dé etí rẹ̀. Etí tó kù.

Ọkùnrin náà, èmi ni.


18.

Jẹ́jẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ni. Bí ìyá bá ní kí o gbé ọmọ jẹ́jẹ́, ó ní kó má dùn ún ni. Bí olè bá ní kí o ṣílẹ̀kùn jẹ́jẹ́, ó ní kí ẹlòmíràn má gbọ́ ni.

Mo bi ara mi èwo ni Ọjọ́un ní lọ́kàn.

Mo padà lọ jẹun.


19.

Yàrá ìjẹun. Gbogbo àga kún. Búrẹ́dì àti ẹyin. Ọjọ́un wà ní tábìlì kejì pẹ̀lú àwọn olùkọ́.

ÈMI: Wọ́n ní kí o má fọn ọ́n lọ́la.
ÒUN: Kí lẹ wí?
ÈMI: Fèrè. Wọ́n ní kí o má fọn ọ́n.
ÒUN: Kí n má fọ kí ni? Mo ti fọ aṣọ yín tán. Ó ti gbẹ.
ÈMI: MO NÍ, FÈRÈ. WỌ́N NÍ KÍ O GBÉ E SẸ́NU. KÍ O MÁA GBÉ ÌKA. KÍ O MÁ FỌN Ọ́N.

(Ṣíbí dákẹ́.)

ÒUN: Ta ló ní bẹ́ẹ̀?
ÈMI: ÒUN.

(Mo nawọ́ sí Ọjọ́un. N kì í sábà nawọ́ sí èèyàn.)

ÒUN: Kí ló dé tí kò wá sọ fún mi?
ÈMI: Ó NÍ KÍ N BÁ ÒUN SỌ Ọ́ FÚN Ọ JẸ́JẸ́.

Ó wò mí. Ó wo Ọjọ́un. Ó wo tábìlì kọ̀ọ̀kan. Kò sí ojú kan tó bá pàdé.

Adití kì í mọ bí ohùn òun ṣe ga tó. Ó ní, kedere, fún gbogbo yàrá:

"Ẹ kúkú ti sọ ọ́ jẹ́jẹ́."

Ó fi bọ́tà sí búrẹ́dì rẹ̀. Ó fi dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó dáa."

Èwo ló dáa, n ò mọ̀. N ò béèrè. Ó ti ń jẹun.


20.

Oníṣègùn Eyín bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kì í ṣe òun ló máa kọ́ mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, à ń pe èèyàn sẹ́yìn ni.

Mo ní ó ti pẹ́ tí mo ti ń pè é sẹ́yìn. Kì í gbọ́.


21.

ÌKÉDE (ọjọ́ Àbámẹ́ta, lórí àga kọ̀ọ̀kan)

*Fèrè kìíní: Olùkọ́ Ìṣirò (ó ti fẹ̀yìntì)*
*Fèrè kejì: Oníṣègùn Eyín*
*Fèrè kẹta: Màmá wa ọ̀wọ́n*
*Gòjé ńlá: Bàbá*
*Pẹ̀lú ìtìlẹ́yìn dùùrù*

*Ẹ̀bẹ̀: ẹ pa fóònù yín. Lọ́jọ́un, kò sí.*


22.

Gbọ̀ngàn kún. Ará ìlú ń fi ìwé ètò fẹ́ ara wọn. Ọmọ wa wà níwájú pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Mo rí àwọn kan tí wọ́n ń fi ìyàwó mi han ara wọn. Òun nìyẹn, ti ara ògiri.

A jókòó. Mo ti bàtà mi bọ abẹ́ tirẹ̀.

Ó gbé fèrè sẹ́nu.

Ó yọ bàtà rẹ̀ kúrò.

Mo wò ó. Kò wò mí. Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ àga tirẹ̀, ó so ó pọ̀ mọ́ èkejì, bí ọmọ ilé-ìwé.


23.

Ohùn kìíní sáré jáde. Èkejì lé e. Èmi tẹ̀lé wọn.

Lẹ́yìn náà, àyè kan wà kí okùn tó wọlé. Báyìí ló gùn tó:



Òjé ni.


24.

Okùn wọlé.

Kò ṣíwájú. Kò pẹ́. Kò yọ sókè.

Dùùrù ni. Tàbí òun ni. Tàbí àwọn méjèèjì. Ìka rẹ̀ ń gbé, ó ń bọ́ sórí ihò bó ṣe yẹ. Fèrè onígi kì í mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú bíi kàkàkí. Ẹni tó ń fọn ọ́n àti ẹni tí kò fọn ọ́n, ojú kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Mo rí Olùkọ́ Ìṣirò tó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Etí ló ń nà sí i. Oníṣègùn Eyín náà tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́un dúró létí ògiri, ó na ọrùn bí adìyẹ tó rí ejò. Ọ̀sẹ̀ kan ló fi ń bẹ̀ wá kí a gbọ́ ara wa. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gbọ́ ara wa nìyí, nítorí pé olúkúlùkù wa ń ṣọ́ ẹnì kan.

Kò sẹ́ni tó sáré ju ẹnìkejì lọ. Kò sẹ́ni tó gbójú sókè.

N kì í yin nǹkan. Ó dára.


25.

Ohun tí wọ́n sọ lẹ́yìn rẹ̀.

Onídùùrù: òun bẹ̀rẹ̀ ni o. Ṣùgbọ́n ní àárín, ó ṣe òun bíi kí òun gbọ́ bóyá Màmá wà níbẹ̀. Òun wá gbé ọwọ́ kúrò. Okùn kò já.

Oníṣègùn Eyín: òun ló mú un. Òun gbọ́ tí dùùrù dákẹ́, ẹ̀rù ba òun, òun fi ohùn kejì sílẹ̀, òun bọ́ sórí okùn. Mo bi í pé ohùn kejì wá ńkọ́. Ó ronú. Ó ní kò jọ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ó dákẹ́.

Onídùùrù tún ní ó dà bíi pé kí òun tó gbé ọwọ́ ni òun ti ń gbọ́ méjì. Lẹ́yìn náà ó ní kò dá òun lójú.

Ọmọ wa: "Bàbá, mo gbọ́ Màmá. Mo gbọ́ wọn dáadáa." Ó ń sunkún. Ọmọ rẹ̀ àgbà ní dùùrù ni, òun rí i.

Mo wo fèrè náà. Ìyàwó mi ti ń nù ún nínú. Ó máa ń nù ún, bó fọn ọ́n bí kò fọn ọ́n.


26.

Ọjọ́un wá kí i. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, kí aṣọ ọjọ́un má baà rún.

ỌJỌ́UN: Màmá, ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ ṣe é dáadáa.

Ìyàwó mi wo ètè rẹ̀ títí ó fi sọ tán.

ÒUN: Kí ni mo ṣe?

ỌJỌ́UN:

ÒUN: Ẹ sọ ọ́, mò ń wo ẹnu yín. Kí ni mo ṣe tó dáa?

Ọjọ́un ní ó yẹ kí òun lọ kí àwọn àlejò.


27.

Ọmọ wa lọ gbé mọ́tò wá. A jókòó sórí àga gígùn níwájú gbọ̀ngàn. Àwọn ará wa ń di ohun èlò wọn. Olùkọ́ Ìṣirò ń so àpótí. Oníṣègùn Eyín ń dágbére, kò sì lọ.

Mo fẹ́ mọ̀. Mo ti gbé ọjọ́ orí mi dé ibi tí n kì í fẹ́ mọ nǹkan púpọ̀. Èyí, mo fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Mo sún mọ́ ìyàwó mi. Mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Kò gbọ́.

Mo gbé e sókè. Kò gbọ́.

"ṢÉ O FỌN Ọ́N?"

Ọwọ́ dúró lórí àpótí. Ẹni tó ń dágbére dákẹ́. Ọjọ́un, lẹ́nu ilẹ̀kùn, yí padà pẹ̀lú àlejò lọ́wọ́.

Ìyàwó mi wò mí bí ẹni tí mo bi ní orúkọ ọmọ rẹ̀.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó tì mí," ó ní, ohùn rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. "Ẹ ò gbọ́ ni?"

Wọ́n ń retí ohun tí mo máa sọ.